Adágún Como lórí kẹ̀kẹ́: ibo ni ká ti gbéra, ọ̀nà wo ni ká tọ̀?

AdágúnLójú

Ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́, mo kí yín o. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló wà nílẹ̀ fún Adágún Como ní Ítálì, ní ìparí oṣù Kẹsàn-án. Kẹ̀kẹ́ ọ̀nà ọ̀dà ni, gíà iwájú eyín 50 àti 34, kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn (àkójọ gíà eléyín tó wà lẹ́yìn) eyín 11 sí 28, ẹ̀yà gíà Shimano 105 R7000, táyà mìlímítà 25. Èmi àti kẹ̀kẹ́ pọ̀ tó kílò 83. Ọ̀nà etí omi tó ń kọjá lára àwọn ibi ìtàn ni mo ń wá: ilé ìsìn àtijọ́, ilé olódi, ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nígbà ogun. Lórí máàpù, ẹni tó bá yí adágún náà ká tán máa rin nǹkan bíi kìlómítà 160. Ṣé kí n yí i ká lọ́jọ́ kan, àbí kí n gé e sí wẹ́wẹ́? Ibo ni kí n ti gbéra? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tó lè bàjẹ́ pẹ̀lú, kì í ṣe ibi tó dára nìkan.

Afẹ́fẹ́Ẹ̀yìn

Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹ má sì gbéra láti ìlú Como bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣe. Colico ni kí ẹ ti gbéra, ní ìkángun àríwá.

Adágún yìí rí bí ẹni tó ya ẹsẹ̀: orí rẹ̀ wà ní Colico, ẹsẹ̀ kan nà dé Como, ìkejì nà dé Lecco, Bellagio sì jókòó síbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti yà. Òkè ga lọ́tùn-ún, ó ga lósì, nítorí náà ojú omi nìkan ni afẹ́fẹ́ rí gbà. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, méjì ló ń jọba níbẹ̀. Tivano ń ti àríwá fẹ́ wá láti kùtùkùtù títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá. Yóò dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà Breva á gbéra láti gúúsù ní ọ̀sán, á sì máa fẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Apá Colico, Gera Lario àti Domaso ló ti le jù, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi ìgbòkun sáré lójú omi fi ń kóra jọ síbẹ̀.

Ẹ wá ro ó wò. Ẹni tó bá ti Como gbéra lọ sí àríwá láàárọ̀, Tivano ló máa dojú kọ. Bó bá ń padà bọ̀ lọ́sàn-án, Breva ló máa pàdé. Ìyà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá ti Colico gbéra, Tivano á máa tì í lẹ́yìn lọ sí Varenna láàárọ̀. Yóò wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Menaggio, Breva á sì tì í lẹ́yìn padà sí Colico lọ́sàn-án. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 55 lọ, ìyẹn sì fún yín láyè láti sọ̀ kalẹ̀ wo nǹkan.

Èrè mìíràn wà níbẹ̀. Apá ọ̀tún ni wọ́n ń wakọ̀ ní Ítálì. Bí ẹ bá gba ọ̀nà yìí, ọwọ́ ọ̀tún yín ni omi máa wà ní etíkun méjèèjì, ẹ kò ní máa gé ojú títì kọjá nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ dúró.

Ohun kan péré ló kù láti kíyè sí: òkè máa ń bo oòrùn lójú ní etíkun ìlà-oòrùn láàárọ̀. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, ẹ mú ìbọ̀pá àti ẹ̀wù fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá dání. Ẹ máa bọ́ wọn sápò tí ẹ bá dé Varenna.

ÌtànLẹ́bàáỌ̀nà

Mo fara mọ́ Colico, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó fẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì, ilé olódi méjì wà nítòsí. Forte di Fuentes ni àgbà: gómìnà tí ọba Sípéènì fi jẹ lórí Milan ló kọ́ ọ ní 1603 láti ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àfonífojì Valtellina. Àwókù ni báyìí, torí àwọn ọmọ ogun Napoleon wó o ní 1796. Èkejì, Forte Montecchio Nord, ni wọ́n kọ́ kété ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní. Àwọn àgbá ńláńlá mẹ́rin rẹ̀, mìlímítà 149, ṣì wà ní ìdúró wọn títí dòní. Bí àkókò yín bá kéré, Montecchio ni kí ẹ yàn.

Ọ̀nà SP72 ni kí ẹ gbà lọ sí gúúsù. Ní Olgiasca, ẹ yà sọ́tùn-ún lọ sí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Piona. Wọ́n ya ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí mímọ́ ní 1138, àgbàlá rẹ̀ tó ní òpó 41 sì jẹ́ ti ọ̀rúndún kẹtàlá. Ẹ fara balẹ̀ wo orí àwọn òpó náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà fín wọn kò jọra. Òkúta róbótó ni wọ́n tẹ́ sí apá ìparí ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀. Táyà 25 tí wọ́n fún le bí òkò á gbọ̀n yín títí eyín á fi máa kọlu ara wọn.

Ẹ tún padà sórí SP72. Corenno Plinio ló kàn, kí ẹ tó dé Dervio. Abúlé kékeré ni, ilé olódi ọ̀rúndún kẹrìnlá kan ló dúró tì í lórí. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níwájú ilé olódi náà jẹ́ ti Thomas ti Canterbury, wọ́n sì mọ ibojì àwọn ìdílé Andreani mọ́ ara ògiri rẹ̀ níta. Àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta ló sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lókè.

Ní Bellano, odò Pioverna ti gé àpáta wọlé, ó di ihò jíjìn tí wọ́n ń pè ní Orrido. Ní Varenna, Villa Monastero ni kí ẹ wò, ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ni tẹ́lẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni Enrico Fermi ti kọ́ àwọn onímọ̀ físíìsì lẹ́kọ̀ọ́ ní 1954, ọdún tó kú.

Etíkun kejì kò ní àwòrán púpọ̀ bíi ti Varenna, ṣùgbọ́n ìtàn ibẹ̀ wúwo. Ní 27 oṣù Kẹrin 1945, àwọn jagunjagun abẹ́lé dá ọ̀wọ́ ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun Jámánì dúró ní Musso. Wọ́n yẹ àwọn ọkọ̀ náà wò ní Dongo, wọ́n sì bá Mussolini, apàṣẹwàá Ítálì, nínú ọ̀kan, ó wọ ẹ̀wù ológun Jámánì. Músíọ́mù kékeré kan wà ní Dongo tó dá lórí ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá dé Gravedona, ẹ dúró níwájú Santa Maria del Tiglio: ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀rúndún kejìlá, òkúta funfun àti dúdú tí wọ́n tò ní ìlà-ìlà, ilé ìṣọ́ rẹ̀ sì yọ láti àárín iwájú ilé gan-an. Mítà díẹ̀ péré ló wà láàárín rẹ̀ àti omi. Tèmi ni pé òun ló dára jù nínú gbogbo ilé tó wà lórí ọ̀nà yìí.

AdágúnLójú

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè mẹ́ta: ṣé ọkọ̀ ojú omi ń gba kẹ̀kẹ́? Ihò abẹ́ òkè ńkọ́, mo rí i pé wọ́n pọ̀ lórí máàpù? Kí ló sì dé tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ Lecco?

OjúTítì

Ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń gbé mọ́tò láàárín Varenna, Bellagio, Menaggio àti Cadenabbia ń gba kẹ̀kẹ́. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì kẹ̀kẹ́ mọ́ tiyín. Ọkọ̀ ayára tí wọ́n ń pè ní aliscafo kì í gbà á, ẹ má dúró lórí ìlà tirẹ̀. Varenna sí Menaggio kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ bó bá lọ tààrà. Àwọn kan ń kọ́kọ́ yà sí Bellagio, nítorí náà ẹ ka orúkọ èbúté tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Ẹ fi okùn kékeré so bíréèkì iwájú mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí ó má baà yí ṣubú bí ọkọ̀ bá ń gúnlẹ̀.

Ní ti ihò: òfin ìrìnnà Ítálì sọ pé ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ wọ ihò gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tàbí bẹ́líìtì alátànmọ́lẹ̀, kí iná rẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn sì máa tàn. Òfin kan náà ló de ẹni tó ń gùn lóru lẹ́yìn ìlú. Ìdí rẹ̀ hàn kedere: awakọ̀ tó ti inú oòrùn wọlé kò ní rí nǹkan kan fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ẹ̀yin náà kò ní rí kòtò. Dígí ojú tó dúdú gan-an kò dára níbẹ̀. Ẹ lo aláwọ̀ fẹ́lẹ́, tàbí kí ẹ sún un sọ́wọ́ imú kí ẹ tó wọlé.

Láti Menaggio lọ sí àríwá, ọ̀nà SS340dir wọ ihò níbi mélòó kan. Kí ẹ tó wọ èyíkéyìí, ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún. Ọ̀nà àtijọ́ sábà máa ń wà níbẹ̀ lẹ́bàá omi, tàbí kí ó gba àárín abúlé kọjá. Tí wọ́n bá ti gbé irin dí i, ẹ má fo irin náà. Òkúta tó ń já bọ́ láti orí òkè ló ń mú kí wọ́n tì í.

Ẹ rántí pé lẹ́yìn ìlú, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan ni òfin wí. Kí ẹni méjì má gùn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Gíà34

Ní ti Lecco: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ láti Lecco sí àríwá lè kàn gba ọ̀nà ńlá SS36, ó tẹ́jú, ó sì yá.

OjúTítì

Rárá o, Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fún èèyàn ní ìmọ̀ràn yẹn. Wọn kò gba kẹ̀kẹ́ láyè lórí SS36. Pátákó aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ya mọ́tò funfun sí ló ń sọ bẹ́ẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ihò rẹ̀ gùn, ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré níbẹ̀, kò sì sí ibi tí ẹ máa yà sí.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni àárín Lecco àti Abbadia Lariana: níbẹ̀, òkè sún mọ́ omi débi pé ọ̀nà etí omi wọnú ọ̀nà ńlá yẹn. Àwọn ètò máàpù kan máa ń fa ìlà gba ibẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan. Ọ̀nà àbáyọ tó dára jù ni ọkọ̀ ojú irin láti Lecco dé Mandello del Lario. Àwọn tó ń lọ sí Sondrio ń dúró níbẹ̀. Láti Mandello lọ sókè, SP72 jẹ́ tiyín. Ìdí nìyí tí a kò fi Lecco sínú ètò.

Gíà34

Mo gbà, ẹ ṣeun tí ẹ tún un ṣe. Mo gbà á padà pátápátá.

OrókèGhisallo

Ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ tó dé ibẹ̀ tí kò ní gun Ghisallo. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bellagio láàárọ̀, kí ẹ sì yí báyìí: Bellagio, Ghisallo, Asso, Sormano, Colma di Sormano, Nesso, Lezzeno, Bellagio. Nǹkan bíi kìlómítà 55 ni, ṣùgbọ́n òkè tó wà nínú rẹ̀ lé ní mítà 1000 dáadáa.

Ghisallo gùn tó kìlómítà 8.6 láti Bellagio. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 6%, ìpíndọ́gba yìí ló sì ń tan èèyàn jẹ. Nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin àkọ́kọ́ ń gun 9%, àwọn ibì kan dé 14%. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà tẹ́jú, ó tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lápá Civenna. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ó ti parí, á tú gbogbo agbára rẹ̀ dànù síbẹ̀. Kò tíì parí: kìlómítà ìkẹyìn tún dìde sí nǹkan bíi 9% títí dé ẹnu ṣọ́ọ̀ṣì, ní mítà 754. Ẹ jẹ oúnjẹ yín ní ibi títẹ́jú yẹn, ẹ mu omi, ẹ jẹ́ kí èémí balẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lórí rẹ̀ ni Madonna del Ghisallo. Ní 1949, Póòpù Pius Kejìlá kéde Madonna yìí ní alábòójútó àwọn oníkẹ̀kẹ́. Níta, ère orí Binda, Bartali àti Coppi, àwọn eléré kẹ̀kẹ́ Ítálì àtijọ́, dúró lórí òpó. Nínú, kẹ̀kẹ́ kún ara ògiri dé òkè. Kẹ̀kẹ́ Fabio Casartelli wà níbẹ̀, ẹni tó ṣubú kú ní Tour de France 1995. Ibi tó ti bà jẹ́ hàn lára irin rẹ̀. Iná kan ń jó níbẹ̀ fún gbogbo àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ti kú. Ilé ìsìn ni o, ẹ bọ́ akoto kí ẹ tó wọlé. Músíọ́mù kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣí ní 2006 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Eléré kẹ̀kẹ́ àtijọ́ Fiorenzo Magni ló ṣe òpò rẹ̀. Ó máa ń tì nígbà òtútù, ṣùgbọ́n oṣù Kẹsàn-án kò ní wàhálà.

Ìdíje Giro di Lombardia, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1905, ti ń gba òkè yìí láti 1919.

Gíà34

Kí n wá fi ìmọ̀ràn tó dára ṣe àtúnṣe ti àkọ́kọ́. 34/28 (eyín 34 níwájú, 28 lẹ́yìn) máa gun Ghisallo, ṣùgbọ́n á jẹ orúnkún yín, kò sì ní ṣe é ṣe fún Sormano. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Àgbá tó yí mítà 2.1, bí pẹ́dàlì bá yí lẹ́ẹ̀kan lórí 34/28, kẹ̀kẹ́ á lọ mítà 2.55. Bí ẹ bá ń yí i ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn jẹ́ kìlómítà 9 àti díẹ̀ ní wákàtí. Pẹ̀lú kílò 83 lórí 9%, ẹ nílò nǹkan bíi wáàtì 200. Lórí 34/34, ìyípo 60 kan náà á jẹ́ kìlómítà 7.6 ní wákàtí, wáàtì á sì já sí nǹkan bí 165. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń sọ bóyá ẹ ṣì máa lẹ́sẹ̀ fún òkè kejì.

Kásẹ́ẹ̀tì 11-34 ni kí ẹ rà. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí:

Derailleur ẹ̀yìn R7000, ìyẹn apá tó ń sún ṣéènì láti gíà kan sí òmíràn, wà ní oríṣi méjì. Ẹ wo lẹ́tà tó wà lẹ́yìn apá rẹ̀. SS, èyí tí apá rẹ̀ kúrú, kò gbà ju eyín 30 lọ. GS, èyí tí apá rẹ̀ gùn, gba 34. Bí tiyín bá jẹ́ SS, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ kásẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀rọ àárín àgbá tó jẹ́ ti ọ̀nà ọ̀dà, oní-gíà 11, gùn ju ìdí kásẹ́ẹ̀tì 11-34 ti Shimano lọ. Wáṣà fẹ́lẹ́ mìlímítà 1.85 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé sẹ́yìn rẹ̀. Inú páálí ni ó máa ń wà, ọ̀pọ̀ sì ń sọ ọ́ nù. Láìsí i, ẹ máa dè é gbagbaga, kásẹ́ẹ̀tì á ṣì máa jó lọ jó bọ̀, gíà kò sì ní jókòó lójú kan.

Ṣéènì àtijọ́ á kúrú. Ẹ fi í yí eyín 50 níwájú àti 34 lẹ́yìn láìgba inú derailleur, kí ẹ fi ojú méjì kún ibi tó ti pàdé, kí ẹ gé e síbẹ̀. Bí ó bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣèèṣì wọ 50/34 lórí òkè, á fa derailleur ya kúrò lára kẹ̀kẹ́.

Níkẹyìn, ẹ yí skúrúù B, èyí tó ń mú derailleur jìnnà sí kásẹ́ẹ̀tì, títí àyè mìlímítà 5 sí 6 fi wà láàárín àgbá kékeré òkè inú derailleur àti gíà eléyín 34. Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn àjò, kí ẹ sì gùn ún dáadáa kí ẹ tó lọ.

AdágúnLójú

GS ló wà lára tèmi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. Sormano yìí ńkọ́, ṣé òun ni "ògiri" tí wọ́n ń sọ?

OrókèGhisallo

Òun gan-an. Láti Ghisallo, ẹ sọ̀ kalẹ̀ gba Barni àti Lasnigo. Kí ẹ tó wọ Asso, ní Maglio, ẹ yà sọ́tùn-ún gun òkè lọ sí abúlé Sormano. Lẹ́yìn abúlé ni ọ̀nà ti pín: ọ̀nà mọ́tò ń yí po lọ sókè ní pẹ̀lẹ́, Muro di Sormano (ìyẹn “ògiri Sormano”) sì dojú kọ òkè gbọnrangandan gba inú igbó. Kò tó kìlómítà 2, ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba rẹ̀ lé ní 15%, àwọn ibì kan sì kọjá 25%. Mọ́tò kì í gbà á.

Wọ́n fi í sínú Giro di Lombardia ní 1960, 1961 àti 1962, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò torí pé ọ̀pọ̀ eléré ń sọ̀ kalẹ̀ rìn, àwọn òǹwòran sì ń ti àwọn mìíràn lẹ́yìn. Kò padà sínú ìdíje títí di 2012. Wọ́n kọ gíga ilẹ̀ sójú ọ̀dà ní mítà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà tẹ̀ lé nọ́ńbà. Lórí òkè mìíràn, nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ á jìnnà síra wọn. Níbí, ẹ kò tíì yí pẹ́dàlì tán lẹ́ẹ̀mejì tí òmíràn fi wọlé sábẹ́ táyà.

Lórí 25%, pẹ̀lú 34/34, kìlómítà 5 ní wákàtí jẹ́ ìyípo 40 péré ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú nǹkan bíi wáàtì 280. Ẹ jókòó sí imú síìtì, ẹ tẹ àyà síwájú, kí àgbá iwájú má baà gbéra. Bí ẹ bá dìde nígbà tí ewé tútù wà nílẹ̀, àgbá ẹ̀yìn á yọ̀. Bí ẹ bá dúró, ẹ kò ní lè gbéra padà ní tààrà: ẹ dá kẹ̀kẹ́ sí ìbú ọ̀nà, ẹ fi ẹsẹ̀ kan sínú pẹ́dàlì, ẹ tì, kí ẹ tó yí orí rẹ̀ sókè.

Kò sí ìtìjú nínú ọ̀nà mọ́tò. Colma kan náà, mítà 1124, ni ọ̀nà méjèèjì ń gbé èèyàn dé.

BíréèkìMéjì

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ gígun, ẹ jẹ́ kí n sọ ti sísọ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń fara pa. Láti Colma, ọ̀nà gba Pian del Tivano àti Zelbio sọ̀ kalẹ̀ sí Nesso, ó lé ní mítà 800 lọ sísàlẹ̀. Àwọn ibì kan tóóró, kọ́nà sì ń fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri. Ní 15 oṣù Kẹjọ 2020, nínú Il Lombardia (Giro di Lombardia kan náà), Remco Evenepoel kọlu ògiri afárá kan níbẹ̀, ó ṣubú sínú kòtò jíjìn, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni, lórí ọ̀nà tí wọ́n ti lé mọ́tò kúrò fún un.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn máa fa bíréèkì díẹ̀díẹ̀ láìdáwọ́ dúró láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ooru kò ní rí àyè jáde. Bí bíréèkì yín bá jẹ́ èyí tó ń fún rímù, rímù á gbóná, afẹ́fẹ́ inú tíúbù á le sí i, tíúbù á bẹ́ nídìí ẹnu rẹ̀. Rímù kábọ́ọ̀nù burú jù, àtè tó so ó pọ̀ lè rọ̀. Bí ó bá jẹ́ bíréèkì oníjáwo, pádì á dán bíi dígí, á máa ké, kò sì ní mú mọ́. Epo bíréèkì tó ti pẹ́ lè hó, ọwọ́ bíréèkì á sì wọlé pátápátá láìdá nǹkan kan dúró.

Ẹ fa á gidigidi fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó dé kọ́nà, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ pátápátá. Ẹ wo ẹnu ìjáde kọ́nà náà, kì í ṣe ògiri. Ẹsẹ̀ òde wà nísàlẹ̀, ọwọ́ wà ní ìsàlẹ̀ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Pádì tí ó bá ti ku mìlímítà 1 kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí òjò bá rọ̀, ẹ yí ètò padà: ẹ gun òkè náà láti Nesso. Ó gùn, ṣùgbọ́n kò gún gbọnrangandan, ẹ ó sì sọ̀ gba ọ̀nà mọ́tò tó gbòòrò lọ sí Sormano. Ẹ má gba Muro sọ̀ kalẹ̀ láé, ì báà jẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀.

Táyà 25 náà, bí férémù bá gba 28, ẹ fi 28 sí i. Fún kílò 83, afẹ́fẹ́ báà 5 níwájú àti 5.3 lẹ́yìn tó.

Bí ẹ bá dé Nesso, ẹ dúró lórí afárá. Omi odò méjì pàdé níbẹ̀, ó já lulẹ̀ láàárín ilé, ó sì gba abẹ́ afárá òkúta àtijọ́ tó ń jẹ́ Civera wọnú adágún.

ÌtànLẹ́bàáỌ̀nà

Ọjọ́ kẹta, ẹ sinmi ẹsẹ̀. Menaggio sí Ossuccio kò ju kìlómítà 12 lọ, ṣùgbọ́n ìtàn tó wà níbẹ̀ kún ọjọ́ kan. SS340 tóóró níbẹ̀, bọ́ọ̀sì àti mọ́tò àwọn arìnrìn-àjò sì ń fún ara wọn mọ́ ògiri. Kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù ni kí ẹ ti wà lójú ọ̀nà. Greenway tí ẹ máa rí nínú máàpù, láti Colonno dé Griante, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni: àtẹ̀gùn pọ̀ lórí rẹ̀.

Ní Giulino di Mezzegra, ẹ yà gun òkè kékeré kan. Àgbélébùú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà Villa Belmonte, níbi tí wọ́n ti yìnbọn pa Mussolini àti Claretta Petacci ní 28 oṣù Kẹrin 1945, ọjọ́ kejì tí wọ́n mú un ní Dongo. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọjá ní Dongo lọ́jọ́ kìíní, ẹ máa rí bí ibi méjèèjì ṣe sún mọ́ra tó.

Ní Lenno, Villa del Balbianello wà ní ṣóńṣó ilẹ̀ tó wọ inú omi. Kádínà Durini ló kọ́ ọ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Guido Monzino, tó ṣáájú àwọn ará Ítálì àkọ́kọ́ lọ sórí Everest ní 1973, ló fi í sílẹ̀ ní 1988 fún FAI, àjọ tó ń tọ́jú àwọn ibi ìtàn ní Ítálì. Ẹsẹ̀ tàbí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń débẹ̀, nítorí náà ẹ mú àgádágodo gidi dání.

Erékùṣù tó wà níwájú Ossuccio ni Comacina. Àwọn ará Como jó o, wọ́n sì wó o palẹ̀ ní 1169. Lórí òkè lẹ́yìn Ossuccio ni Sacro Monte wà, ilé àdúrà 14 lórí ọ̀nà kan tó ń gòkè, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2003.

AdágúnLójú

Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ó ku méjì: omi mímu, àti bàtà. Bàtà tèmi ní ìdè ńlá oníke lábẹ́, mo sì rí i pé òkúta róbótó àti àtẹ̀gùn pọ̀.

BíréèkìMéjì

Omi kò ní wọ́n yín. Ẹ̀rọ omi òkúta wà ní ọ̀pọ̀ abúlé. Èyí tí wọ́n bá kọ "non potabile" sí, ẹ má mu ún. Kí ẹ tó kúrò ní Bellagio lọ sí Ghisallo, ẹ kún ìgò méjèèjì.

Bàtà oníke ńlá yẹn á yọ̀ lórí òkúta Piona bí ẹni tẹ yìnyín. Ẹ lo bàtà tí irin ìdè rẹ̀ kéré, tó rì sínú àtẹ́lẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ pẹ́dàlì bá a mu. Pẹ́dàlì òsì, ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ máa yí i sí kí ó tó tú, ọ̀pọ̀ ló ń ba ojú rẹ̀ jẹ́ torí pé wọn kò mọ̀. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sí i kí ẹ tó dè é padà. Bí ẹ kò bá fẹ́ pààrọ̀, ẹ ra ìdérí rọ́bà tí wọ́n ń fi bo ìdè náà. Àpò ẹ̀yìn gbà á. Bí ẹ bá jáde ní Piona, ẹ yí àtẹ́lẹ̀ bàtà sókè wò kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ ibẹ̀ máa ń há sáàárín ìdè, bàtà kò sì ní wọ pẹ́dàlì, orí òkè Olgiasca sì ni ẹ ó ti mọ̀. Ẹnu kọ́kọ́rọ́ àgádágodo yín tó láti yọ ọ́.